Àbúrò mi fẹ́ dín oògùn kíndìnrín rẹ̀ kù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iléṣà la wà. Èmi ni mo fún àbúrò mi ọkùnrin ní kíndìnrín kan lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ara rẹ̀ ti yá, ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone, ń gbówó lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n tó bá fẹ́ kọ̀wé. Àná ni mo mọ̀ pé ó ti fi oògùn alẹ́ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 3. Ó ní ara òun kúkú le. Màmá wa sì ń se àgbo fún un. Bí mo bá pariwo, yóò dà bíi pé mò ń fi oore ṣe ìrègún.

Ìyá Ìbejì, Ifẹ̀: Tó bá ṣe àgbo ibà lásán ni, kò burú o. Òun la fi tọ́ gbogbo wa.

Ọmọ Ọbòkun: Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi àgbo sílẹ̀ níbí. Ọdún kẹsàn-án mi rèé pẹ̀lú kíndìnrín ẹlòmíràn. Àlejò ni lójú ara, kò sì sí ọjọ́ tí ara ń gbàgbé. Sójà tó ń bá àrùn jà náà ló máa kọjú ìjà sí i. Oògùn ló ń dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Ìjà yẹn sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ìrora kankan, kó jẹ́ creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ló máa tú u fó nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ti ọwọ́ gbígbọ̀n, èmi náà ń da tíì sára nígbà yẹn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, tacrolimus ti pọ̀ jù, dókítà sì dín in kù. Dókítà o, kì í ṣe èmi.

Nọ́ọ̀sì àná: Kó lọ lọ́la, kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Kó mú tacrolimus àárọ̀ dání, tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ tán ni kó tó lò ó. Kó má sì lo méjì pọ̀ láti fi dí èyí tó fò. Pàtàkì jù, kó jẹ́wọ́ ọ̀sẹ̀ 3 yẹn àti àgbo náà. Bí ò bá sọ, dókítà lè rò pé oògùn ló kéré, kó fi kún un. Ẹ sọ ti owó náà fún wọn. Bó bá máa pààrọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Kó yéé ra ibuprofen àti diclofenac fún ara ríro.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Ó kọ́kọ́ gbaná jẹ, nígbà tó yá ló bú sẹ́kún. Àárọ̀ ọ̀la la ń lọ sí Ifẹ̀. Màmá ní òun ń bá wa lọ. Wọ́n ti di ìgò àgbo sínú báàgì, kí dókítà fojú ara rẹ̀ rí i.