Ìjábọ̀ ìjíròrò tí mi ò sí níbẹ̀: ṣé kí n dákẹ́ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ ìwádìí ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ilé-iṣẹ́ kan ló máa ń gbé ìjábọ̀ fún mi kọ. Wọ́n ṣe focus group (ìjíròrò ẹgbẹ́ kékeré) mẹ́rin n'Íbàdàn lórí ọṣẹ ìfọṣọ, obìnrin mẹ́jọ mẹ́jọ. Mi ò sí níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n ti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, orúkọ ọ̀gá tí kò bá obìnrin kankan sọ̀rọ̀ ni yóò sì wà níwájú ìjábọ̀ náà.

Wọ́n sanwó mi, orúkọ kọ́ ló ń dùn mí. Mo bẹ̀ wọ́n kí n tó rí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ gbọ́. Obìnrin kan ní, "A ṣáà ń lò ó." Atúmọ̀ ti gbé "ṣáà" yẹn jù nù, ó kọ ọ́ pé wọ́n ń lò ó déédéé, èmi náà sì ti fi ṣe ẹ̀rí pé ọṣẹ náà tẹ́ wọn lọ́rùn! Mo sọ fún ọ̀gá, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n tún wá ọ̀rọ̀ ẹnu méjì kún un kí ojú ewé náà lè kún.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Àbúrò, má kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Láti 1948 ni ESOMAR, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ọjà, ti ní ìlànà iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n sì ń lò pẹ̀lú ICC, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣòwò, lónìí sọ pé àbájáde gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ní tèmi, kí èèyàn bá ẹlòmíì kọ̀wé kò burú, bí ẹni tó darí ìjíròrò bá ti kà á kó tó jáde.

Adarí Ìjíròrò: Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ orúkọ ò kéré lójú tèmi. Bí mo bá gbé ọṣẹ kalẹ̀ tí ìyá kan dákẹ́, tó ń wo ẹnìkejì rẹ̀ kó tó dáhùn, kò sí ìwé tó máa gbé ìyẹn. Oníbàárà tó ní kí wọ́n ṣe ìwádìí náà gbà pé ẹni tó rí i ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìjábọ̀: ta ló darí, ta ló túmọ̀, ta ló kọ.

Ìyá Ìbejì: Ohùn yẹn náà ńkọ́? Ṣé àwọn obìnrin náà mọ̀ pé yóò dé ọwọ́ ẹni tó wà níta ilé-iṣẹ́? Ẹ rántí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 o.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Mo pe ẹni tó darí ìjíròrò náà láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹnikẹ́ni ò fi ìjábọ̀ han òun rí. Mo ti ka ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sí i létí, ibi mẹ́ta ló ti dá mi dúró.