Àbúrò mi wà ní Ukraine, kì í gbé fóònù mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi, ẹ fara dà á fún mi. Màmá wa tó ń yan gàrí ló ta ilẹ̀ rẹ̀ kí àbúrò mi yìí tó lè wọkọ̀ òfuurufú. Owó àjọ mi ni mo fi ra fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá pè é, á dún títí á fi já. Bó bá gbé e, kò ní ju “Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà láyè” lọ. Mo sì ń rí i lórí WhatsApp láàárín òru! Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti gòkè. Ojúde Ọba tó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ Régbérégbé bàbá wa béèrè rẹ̀ títí, ojú tì mí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Ìpẹru: Ẹ pẹ̀lẹ́. London ni tèmi wà, kò sí ogun níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe. Ẹ máa gbàdúrà.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù: Ìlú wo ló wà? Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ẹ ò sọ.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè: Mo kàwé níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ṣì wà ní Kyiv, olú ìlú wọn. Àǹtí, ẹ má bínú sí òru yẹn. Áàpù kan wà lórí fóònù wọn tó ń ké bí sírẹ́ènì bí ìkọlù Rọ́ṣíà bá ń bọ̀, kódà bí èèyàn bá pa ohùn fóònù. Bó bá ti ké, wọ́n á bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, kí ògiri méjì lè wà láàárín wọn àti ìta, wọ́n á wá máa ka Telegram, áàpù bíi WhatsApp, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tí dróònù ń gbà. Bí iná bá sì pẹ́ kó tó dé, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà á kú. Ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, fídíò ń jẹ bátìrì.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó: Ní 1967 tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé Ọ̀rẹ̀, rédíò kan ṣoṣo ni àdúgbò wa pé lé lórí. A ò mọ̀ bóyá wọ́n ti ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa. Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! Ẹni tó gbọ́ “mo wà láyè”, kó dúpẹ́.

Àǹtí Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ ṣé, Bàábá. Kharkiv ló wà. Kò kàwé mọ́.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè: Kharkiv! Ẹ̀bá ààlà Rọ́ṣíà nìyẹn. Bọ́ǹbù lè balẹ̀ kí áàpù tó ké.

Ìyá Ìbejì Ìpẹru: Ẹ ra páwà báńkì fún un.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù: Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ páwà báńkì kọ́ nìyí. Àǹtí, kí ló fi ń jẹun?

Àǹtí Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ má bá mi wí bí ọmọdé. Ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá kan lórí Telegram ń sanwó fún un pé kó máa ya fọ́tò ibùdó ọkọ̀ ojú irin àti ilé iṣẹ́ iná. Kì í ya sójà. Ọ̀gá ní kò gbọdọ̀ pe fídíò níwájú ẹnikẹ́ni. Ó tilẹ̀ ní òun á fi kún owó rẹ̀ bó bá lè bá òun gbé àpò kan síbì kan. Ọmọ tó ń tiraka ni, kò jalè.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù: Háà! Kó má fọwọ́ kan àpò yẹn! Bí Rọ́ṣíà ṣe ń gba èèyàn sínú iṣẹ́ wọn lórí Telegram nìyẹn, SBU, àjọ aláàbò Ukraine, ti ń kìlọ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan gbé irú àpò bẹ́ẹ̀, bọ́ǹbù ló wà nínú rẹ̀, ó bú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àǹtí Ìjẹ̀bú-Òde: Ibùdó ọkọ̀ ojú irin lásán? Gbogbo èrò ló ń yà á.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù: Bí bọ́ǹbù bá balẹ̀, fọ́tò ni Rọ́ṣíà fi ń mọ̀ bóyá ó ba ohun tí wọ́n fẹ́ bà, kí wọ́n tó ju òmíràn. Láti March 2022, lábẹ́ òfin Ukraine, ẹni tó bá fi ibi tí ọmọ ogun Ukraine wà hàn lè fẹ̀wọ̀n ọdún 12 jura. Ẹ̀sùn amí tún wà lọ́tọ̀.

Ìyá Ìbejì Ìpẹru: Kó yáa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́!

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè: Rárá o, Màmá! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ ni yóò fi hàn pé wọ́n tàn án. Kó dá fọ́tò dúró, kó má gba kọ́bọ̀ mọ́, kó wá lọ́yà, kó pe ẹ́ḿbásì wa ní Kyiv, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá SBU kí wọ́n tó wá a wá.

Àǹtí Ìjẹ̀bú-Òde: Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i báyìí. Ó ti kà á, kò tíì fèsì. Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yín, mo ń pè yín.