Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ṣé igi àtijọ́ tó wà ní abà bàbá mi àgbà ṣì ṣeé gbà là?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abà bàbá mi àgbà wà lọ́nà oko Ìdànrè, ibẹ̀ la ti máa ń lo ọlidé ní kékeré. Tí kòkó bá ti pọ́n, Bàbá á fi àdá la orí rẹ̀, àwa ọmọdé á máa fa kóró inú rẹ̀ jáde, a ó sì máa lá omi dídùn ara rẹ̀. Ìyá àgbà á ní kí a má gbé kóró mì o! Wọn á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí wọ́n tó sá a sórí ẹní. Òórùn rẹ̀ ṣì wà nímú mi.

Ilé alámọ̀ náà ti wó lápá kan, ṣùgbọ́n igi kòkó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti darúgbó, wọn ò so dáadáa mọ́, àfòmọ́ sì ti bo òmíràn. Àwọn ẹbí ní kí a hú gbogbo rẹ̀ dànù, kí a gbin tuntun. Ọkàn mi ò gbà á rárá.

Mo gbọ́ pé a lè gé igi àtijọ́ nítòsí ilẹ̀, kí a wá tọ́jú ẹ̀ka tuntun tó bá yọ nídìí rẹ̀. Ẹni tó ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ gé e? Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dáa? Ẹ̀ka mélòó lẹ fi sílẹ̀, ọdún mélòó ló sì gbà kó tó so? Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, n'Íbàdàn, láti 1964 ńkọ́: ṣé àgbẹ̀ kékeré lè lọ bá wọn tààrà fún ìmọ̀ràn?