"Ìyípadà" nìkan kò tó: lórí mutation àtàwọn ìbátan rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì o. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí a máa fi "ìyípadà àbùdá" pe mutation, ìyẹn kí àkọsílẹ̀ àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì ara yí padà, kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ẹ dákun sà, mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ìyípadà ni. Ewúrẹ́ tí a mú lọ bá òbúkọ ńlá kí ọmọ rẹ̀ lè sígbọnlẹ̀, ìyípadà náà ni. Kí ni olùkọ́ yóò wá fi yà wọ́n sọ́tọ̀?

Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, yóò da DNA rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá náà, kọ bí ìwé, lẹ́tà lẹ́tà. Ìgbà mìíràn, á ṣi lẹ́tà kọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá "àṣìdàkọ". Ẹni tó bá ti dàwé kọ rí ní kíláàsì á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ náà ń dún bí ẹ̀sùn, bí ẹni pé àbùkù ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell). Nínú jíìnì hẹmoglóbìn, ìyẹn abala DNA tó wà fún èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà A kan ṣoṣo ló di T. Ẹni tó gba àṣìdàkọ yìí lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, SS ni, ojú rẹ̀ á sì rí nǹkan. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹyọ kan nínú wọn, AS ni (A ti jẹ́nótáìpù nìyí o, kì í ṣe A ìṣáájú), ibà tí ẹ̀fọn ń fà kì í sì í sábà rí i pa lọ́mọdé. Anthony Allison, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti kọ èyí láti 1954, lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Bí nǹkan ṣe dé ni "àṣìdàkọ" ń sọ. Kò sọ bóyá ire ni tàbí ibi.

"Ìmúra-ẹni-bá-ipò-mu" tí wọ́n dábàá fún adaptation, ìyẹn kí ẹ̀dá bá ibùgbé rẹ̀ mu, ńkọ́? Irọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Kò sọ́mọ tó múra di AS. Àwọn tí ibà dá sí ló dàgbà, tó bímọ, tí jíìnì náà fi pọ̀ nílẹ̀ ẹlẹ́fọn. Ìran ló bá ilẹ̀ mu, kì í ṣe ẹnìkan. N óò gba "ìbálẹ̀mu". Ẹja kì í gbélẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ ibùgbé là ń wí.

Ti breeding, ìyẹn mímú ọ̀gbìn tàbí ẹran sunwọ̀n sí i láti ìran dé ìran, kò le. Àgbàdo tó yọmọ jù lọ, màmá mi kì í sè é. Òkè ààrò ló ń so ó kọ́ sí, kí èéfín lé kòkòrò. Bí a bá bèèrè, á ní "irú ni," èyí tí yóò gbìn. Ṣíṣa irú, ìṣarú. Àwọn ará IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé ìyẹ̀fun òdòdó ẹ̀gẹ́ kan bá òmíràn, kí ọmọ rẹ̀ lè dènà àrùn tó ń hun ewé jọ, ìṣarú náà ni wọ́n ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló kọ́kọ́ so akọ pọ̀ mọ́ abo kí wọ́n tó ṣà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ó ń dún bí ẹni ń ṣa irú nínú ọbẹ̀. Ẹni náà ni kó bá wa wá òmíràn.