Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: egbòogi wo ló lè rọ́pò oògùn inú eyín ọmọdé?

Ìyá Bọ̀lú: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 5, ni kòkòrò jẹ eyín ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú. Dókítà eyín ní òun máa gé ẹran òkè inú eyín náà kúrò, òun á fi formocresol sí i, òun á wá dí i. Mo gbọ́ pé kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní formaldehyde wà nínú oògùn yẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣé ohun tó wá látara ewé tàbí igi wà tí wọ́n lè lò dípò rẹ̀?

Alágbo Ìjẹ̀bú: Kànáfùrù ni, ìyá wa. Láyé àwọn ìyá wa la ti ń lò ó fún eyín ríro. Ẹ kán òróró rẹ̀ sí òwú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ihò eyín náà. Kó sì máa run orín ata láràárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: Bàbá, ẹ má bínú. Òótọ́ ni pé kànáfùrù ń dín ìrora kù, àmọ́ bí ìrora bá lọ, kòkòrò ò tíì lọ o. Bí ọmọdé bá sì gbé òróró kànáfùrù mì, ó lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kán omi bátìrì sínú eyín! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Eyín Èwe (dókítà eyín ọmọdé): Ìyá Bọ̀lú, ìbéèrè yín mọ́gbọ́n dání. Ní 2004, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka formaldehyde mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Èyí tó ń wọ eyín kéré púpọ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ti pa formocresol tì. MTA ni kẹ́ ẹ béèrè dípò rẹ̀. Kì í ṣe ewé, ìran símẹ́ǹtì tí wọ́n sọ di mímọ́ ni, ó sì wọ́n, àmọ́ ẹ̀rí tó wà fún un lágbára gan-an.

Ní ti ewé, wọ́n ti dán etí erin tí ọ̀pọ̀ ń pè ní aloe vera wò ní Íńdíà, àti Ankaferd ní Tọ́kì, tí wọ́n fi ewéko 5 ṣe láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Inú mi dùn sí iṣẹ́ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fi dán an wò kò pọ̀, eyín yìí sì gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọmọ yín títí á fi tó nǹkan bí ọdún 10 sí 12. Ọwọ́ dókítà ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń wáyé, lẹ́yìn tó bá gé ibi tó bàjẹ́ kúrò tí ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ẹnikẹ́ni ò lè ṣe é nílé.

Ìyá Bọ̀lú: Ẹ ṣé gan-an, dókítà. Eéwo kékeré kan yọ sí èrìgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín náà láàárọ̀ yìí. Ṣé MTA ṣì lè ṣe é?

Eyín Èwe: Háà, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Ó jọ pé ẹran inú eyín náà ti kú dé gbòǹgbò; bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n máa fi sí òkè rẹ̀ tó máa ràn án. Wọ́n á fọ inú gbòǹgbò kí wọ́n tó dí i, tàbí kí wọ́n yọ eyín náà. Bó bá jẹ́ dídí ni, ìyẹ̀fun zinc oxide tí wọ́n pò mọ́ eugenol, èròjà inú kànáfùrù tí bàbá dárúkọ, lọ̀pọ̀ wa ṣì ń lò. Bó bá jẹ́ yíyọ ni, ẹ béèrè irin tí wọ́n fi ń di àyè rẹ̀ mú, kí eyín ìtòsí má bàa sún gba ojú ọ̀nà eyín àgbà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn, LUTH Èkó àti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀ ń tọ́jú eyín ọmọdé.