Wọ́n ní àwọn ẹ̀ṣọ́ Bọ́lá Ìgè lọ jẹun

Nílé bàbá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo wà nígbà tí wọ́n pa Bọ́lá Ìgè. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 23 Disẹ́ńbà 2001, ni àwọn apààyàn wọlé tọ̀ ọ́ ní Bódìjà, tí wọ́n yìnbọn fún un nínú yàrá rẹ̀. Mínísítà ètò ìdájọ́ orílẹ̀-èdè yìí ni! Kérésì ku ọjọ́ méjì, kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè adìẹ.

Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ ti jáde lọ jẹun. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kò ti wọ̀ mí létí. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ó sì ti ṣọ́ ilé àwọn ọ̀gá ìjọba rí. Kì í sọ̀rọ̀ òṣèlú, pàápàá níta. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn, ó pa rédíò, ó ní: "Ẹ̀ṣọ́ kì í lọ jẹun pa pọ̀. Ẹnì kan á lọ, á padà dé, kí ẹlòmíì tó dìde. Bébi bá ń pa gbogbo yín, ẹ ó rán ọmọdé lọ ra oúnjẹ wá." Mo ní, "Bàbá, ta ló wá ní kí wọ́n lọ?" Ó ní n kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì rántí, kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n já fìlà lórí Ìgè láàfin Ọọ̀ni, lójú gbogbo ènìyàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ náà ni wọ́n pa aṣòfin Ọ̀ṣun, Ọdúnayọ̀ Ọlágbàjú, ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí wàhálà ti yí ká báyìí, ṣé àsìkò yẹn ni ilé rẹ̀ á ṣófo fún ẹ̀ṣọ́?

Wọ́n mú àwọn kan, ẹjọ́ fa gùn, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀. Mi ò bá adájọ́ jà. Ẹni tí ẹ̀rí kò bá mú, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Àmọ́ ta ni wọ́n tún wá lẹ́yìn náà? Ìyàwó rẹ̀, Adájọ́ Àtinúkẹ́ Ìgè, kú lọ́dún 2003 láì mọ ẹni tó pa ọkọ òun. Ó ń bí mi nínú títí dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Bódìjà nígbà náà, kí lẹ gbọ́ nípa àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn?