Bí ìgbì òkun ṣe fẹ́ gba ọ̀rẹ́ wa lọ́wọ́ wa ní Iceland

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ ìtàn ìrìn àjò yín, ẹ jẹ́ kémi náà sọ tèmi. Oṣù kẹfà ọdún tó kọjá làwa mẹ́rin wọ báàlù láti London lọ sí Iceland, bíi wákàtí mẹ́ta ni. Ibi iṣẹ́ alẹ́ la ti mọra, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tá a ti ń sọ ọ́ pé a máa jọ lọ síbì kan tí ò ní jẹ́ ìnáwó ẹnikẹ́ni, ká ṣáà jọ wà nínú mọ́tò ká jọ wo ilé ayé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ má rò pé ìwé ìgbélùú Britain tó o, físà Schengen ni wọ́n fi ń wọbẹ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

A háyà mọ́tò ní Keflavík, níbi tí báàlù ti já wa sílẹ̀. Ẹni tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ní tá a bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ká fọwọ́ méjèèjì dì í mú, pé atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń fa ilẹ̀kùn mọ́tò ya, ìnṣọ́ráǹsì kì í sì í sábà san irú ẹ̀. Mo rò pé àsọdùn ni. Ibi tá a ti kọ́kọ́ dúró ra epo, bí mo ṣe ṣí i báyìí ló já gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó fò sẹ́yìn débi tí irin ẹ̀ fi ké. Ọlọ́run ló yọ wá, kò kán. Láti ìgbà yẹn, kẹ́nì kankan tó sọ̀ kalẹ̀, a máa kọ́kọ́ wo ibi tí koríko ń tẹ̀ sí.

Títì tí wọ́n ń pè ní Ring Road ló yí gbogbo ilẹ̀ náà po, ó lé ní kìlómítà 1,300, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin péré la ní, apá gúúsù nìkan la rìn. Òkè wà lọ́wọ́ òsì, òkun wà lápá ọ̀tún, èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí igi, àgùntàn ló kàn ń jẹ kiri. Seljalandsfoss ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo omi tó ń já bọ́ lójú ọ̀nà, ó ga tó mítà 60, èèyàn sì lè rìn gba ẹ̀yìn omi náà kọjá, kó máa wo ayé látinú omi. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò mọ ìdí.

Reynisfjara ni mo fẹ́ sọ gan-an. Etíkun kan ni lẹ́bàá ìlú Vík, iyanrìn ẹ̀ dúdú bí èédú torí òkúta iná ló lọ̀ kúnná di iyanrìn. Àwọn àpáta kan dá dúró sínú òkun níbẹ̀, ìtàn wọn ni pé iwin ni wọ́n, wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ lóru, ilẹ̀ mọ́ bá wọn, wọ́n bá di òkúta. Wọ́n gbé pátákó ńlá síbẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má kẹ̀yìn sókun, èèyàn ti kú síbẹ̀. Ìgbì kéékèèké á máa wá, á máa padà, ọkàn á balẹ̀, ká tó wí ká tó fọ̀ ọ̀kan á yọ tó máa rìn jìnnà ju gbogbo èyí tó ṣáájú lọ, tó bá sì ń padà á máa wọ́ iyanrìn abẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn lọ.

Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Èkó, ní òun mọ òkun, ṣebí Bar Beach lòun ń lọ láti kékeré. Ó kẹ̀yìn sí i ká lè ya fọ́tò ẹ̀. Èmi ni fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀, ojú fóònù ni mo ti rí omi funfun náà tó ń ga lẹ́yìn ẹ̀, mo fẹ́ pariwo, ohùn ò jáde. Ó gbá a lórókún, ó gbé e ṣubú, ó ń wọ́ ọ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìjẹ̀bú ló fò sí i, ó di kọ́ọ̀tù ẹ̀ mú, òyìnbó obìnrin kan tá ò mọ̀ rí gbá ẹ̀gbọ́n mú látẹ̀yìn, èmi náà ju fóònù nù mo dì mọ́ wọn. Omi ló kó bàtà ẹ̀ méjèèjì lọ.

Nínú mọ́tò, ó ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀. A tan hítà. Ẹ̀gbọ́n fi súwẹ́tà ara ẹ̀ wé e lẹ́sẹ̀, ó wá ń pe oríkì ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Àjàní, rọra. Àjàní, o ò ní kú sílẹ̀ òkèèrè." Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Ká padà sí Reykjavík, olú ìlú wọn, ló wà lẹ́nu mi, òun fúnra ẹ̀ ló ní ká máa lọ. A ra bàtà fún un ní Vík. Lọ́jọ́ kejì a gba àárín Eldhraun kọjá, ilẹ̀ òkúta tí iná òkè Laki tú sí lọ́dún 1783, ebi àti àìsàn tó tẹ̀ lé e pa nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn èèyàn ibẹ̀. Ewédò tútù rọ̀bọ̀tọ̀ ló bo òkúta náà báyìí, kìlómítà lórí kìlómítà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Nítòsí Skaftafell, a rí irin afárá tí omi yìnyín yíyọ́ wó lọ́dún 1996, ó lọ́ bí okùn. Àjàní sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Aago mẹ́wàá alẹ́ la dé Jökulsárlón, adágún omi tí yìnyín kún inú ẹ̀, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, yìnyín tó tóbi bí ilé ń léfòó lọ sókun. Àjàní dúró sókè, kò sún mọ́ omi. Ó fi fídíò pe màmá ẹ̀ ní Ṣómólú, ó ń yí fóònù kiri kí màmá lè rí i, màmá ń kígbe "Olúwa ò!" Ni fóònù bá yà sí ẹsẹ̀ ẹ̀. Màmá ní, "Bàtà wo nìyẹn? Èyí tí mo rà fún ẹ ńkọ́?"

Ó ní ó já ni, mà. Àwa tó kù ń wo yìnyín.